Orúkọ Mẹ́fà Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé nílé wa nítòsí Kábbà, ẹ̀yin ará mi, kò sí ìyàwó ilé kan tó ń pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Èèwọ̀ ni. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, bó tilẹ̀ ń rákòrò, ọkọ rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ mìíràn fún un. Ìyàwó mẹ́fà ló wọ agboolé wa lẹ́yìn tí wọ́n bí mi. Èyí àkọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ mi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èkejì ní Eyínfúnjowó. Ẹ̀kẹta rí síléètì lọ́wọ́ mi, mo di Akọ̀wé. Àwọn tó kù ń pè mí ní Adúmáradán, Baba Kékeré àti Ajíṣefínní, bẹ́ẹ̀ imú mi kì í gbẹ nígbà náà! Bí wọ́n bá ń lọ ọkà, oníkálukú a máa fi orúkọ tirẹ̀ pè mí nínú orin, èmi náà á máa sáré láti ìdí ọlọ kan dé òmíràn, tí mò ń dáhùn "Hòo!"

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, mo gbé rédíò tó ń gba ohùn lọ sílé lọ́dún Kérésì, mo sì gba orin ọlọ náà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìyàwó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti lọ báyìí. Ìyá àwọn ọmọ mi náà ti sùn, àwọn ọmọ wà lókè òkun. Ní Galadimawa, l'Abuja tí mo fẹ̀yìn tì sí yìí, mẹ́gàádì ń kí mi ní "Sànnu, Baba," àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń pè mí ní Daddy. Mo dá wà gan-an ni, n kò ní purọ́ fún yín.

Ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa ń ṣèwádìí orin àtijọ́ ní yunifásítì. Abuja ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ mi, ó tẹ àwọn orin inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣa orúkọ èèyàn jáde, kí ó sì fi ìlà so àwọn tó bá ń jáde pọ̀ nínú orin kan náà mọ́ra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé e wá hàn mí. Àmì róbótó mẹ́fà ni mo rí, wọ́n sún mọ́ra bí ọmọ tó yí abọ́ kan ká.

"Daddy, ẹ wò ó! Compound yín full gan-an o. Six children ni àwọn mama yẹn ń kọrin fún. Ẹ jọ̀ọ́ sir, àwọn wo ló ṣì wà láyé? Mo fẹ́ lọ interview wọn."

Ó wù mí kí n dákẹ́. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, mo ní ẹgbẹ́. Bí mo bá panu mọ́, ọmọ mẹ́fà ni yóò máa gbé inú ìwé rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kù láyé tó lè já mi nírọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ọmọ ọlọ́mọ yóò gbé lọ síwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi," mo ní, "èmi ni gbogbo wọn."

Mo ṣàlàyé àṣà náà fún un. "Kai, Daddy! Computer ò lè mọ ìyẹn láéláé." Ó tẹ nǹkan díẹ̀, àwọn àmì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wọ inú ara wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù láàárín ojú kọ̀ǹpútà. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Ayé ti yí, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyàwó ọmọ mi ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ lórí fóònù, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà náà ò ṣẹ̀ mí, òun àti èmi nìkan ló ṣì rántí orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Kí ọmọbìnrin náà tó lọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pè wọ́n sí mi létí níkọ̀ọ̀kan. Ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ka orúkọ oògùn lára páálí, ó ń ṣi ohùn wọn pè. Ìgbà mẹ́fà ni mo dáhùn "Hòo!" Lẹ́yìn náà ló kó ẹrù rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bye-bye, Daddy."