Àga Tó Ṣófo àti Ẹni Tó Ń Ṣílẹ̀kùn

Wọ́n ti yọ mí nípò akọ̀wé ìtàn ìjọ wa. Ipò náà kò ní owó oṣù, kò ní ọ́fíìsì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà kí wọ́n tó fi mí sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa yọ mí, lẹ́tà ni wọ́n kọ, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹlòmíì má baà bá mi sọ ọ́ fún yín, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ bó ṣe jẹ́.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Láràárọ̀ ni mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí Woolwich Dockyard, ní London níbí, níbi tí bàbá ará Áyálándì kan ń gbé nínú fúláàtì káńsù, ní àjà kẹrin. Tíṣà ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é ní Daddy, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ló wọlé. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni àwọn ọ̀gá mi fún mi lọ́dọ̀ rẹ̀: kí n wẹ̀ ẹ́, kí n wọṣọ fún un, kí n fún un lóògùn àti oúnjẹ àárọ̀, kí n tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé mo ti ṣe é. Kò sí ibi tí wọ́n kọ bíṣọ́ọ̀bù sí nínú iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bíṣọ́ọ̀bù ni bàbá yìí ń jẹ, òun náà ló ń mu. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń kọ ìtàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìlú tí wọ́n ti bí i, ìlú kékeré kan létí odò, tó ní ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tí òrùlé rẹ̀ ti wó tipẹ́tipẹ́. Ó ń tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, láti ayé àwọn mọ́ńkì tó fi ilé àdúrà ṣe ilé títí dé ìgbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì dojú gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ní kí n máa bá òun kọ ọ́. Bí mo bá ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, á máa sọ ọ́. Bí mo bá wọ̀ ọ́ tán, màá jókòó, màá fi bírò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Mo ti rò pé ìtàn àwọn ẹni mímọ́ ni etí mi máa gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, wọ́n ní orí òkúta ló jókòó sí tó fi la òkun kọjá. Mo bi Daddy bóyá òun gbà á gbọ́. Ó ní, "Òkúta náà ṣì wà níbẹ̀. Mo jókòó lé e lórí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò lọ síbì kankan." Lẹ́yìn ìyẹn, ìdílé kan ṣoṣo ló di oyè náà mú, bàbá ń gbé e fún ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń gbé e fún àbúrò, òmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ gba òróró rárá. Ẹnì kan tún wà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi í joyè, kò sì fẹsẹ̀ kan ìlú náà títí tó fi kú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ló jókòó sí, tó ń bá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ńláńlá ya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́, bí àwa náà ṣe máa ń bá ẹni tó lọ sí họ́lídè ṣe ṣíìfù iṣẹ́ rẹ̀. Ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá.

Èyí tó dùn jù ni ti ìgbà tí Póòpù fi lẹ́tà yan bíṣọ́ọ̀bù kan, tó gbàgbé, tó tún fi lẹ́tà yan òmíràn sí àga kan náà. Àwọn méjèèjì gúnlẹ̀. Ọ̀kan mú àárín ìlú, èkejì mú oko. Wọ́n yọ ara wọn kúrò nínú ìjọ Ọlọ́run ní Sọ́ńdè kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì lò. Àwọn méjèèjì ní Ọlọ́run ló pe àwọn. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Mo ní, "Daddy, mo mọ àwọn èèyàn yìí. Thamesmead ni wọ́n ń gbé."

Mi ò purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Òkè ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni ìjọ tiwa wà, a sì ti ń gbàdúrà nínú òórùn táyà débi pé mi ò lè gbàdúrà dáadáa mọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti mọ́. Ẹni tó dá ìjọ náà sílẹ̀ bá físà ìbẹ̀wò wọ̀lú, ó wa bọ́ọ̀sì, ó di Pásítọ̀, ó di Rẹ́fúrẹ́ńdì, ó di Bíṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ mi tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Bíṣọ́ọ̀bù tó da òróró sí i lórí wá láti Peckham. Ẹni tó da òróró sí ti Peckham lórí, kò sẹ́ni tó béèrè. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù tiwa kú lójijì, igbákejì rẹ̀ kó ìdajì ìjọ àti kíbọ́ọ̀dù lọ sí Tavy Bridge, ó rán ẹ̀wù elésè àlùkò, ó ní òun ni Bíṣọ́ọ̀bù. Òmíràn tún wà ní Ìkòròdú tó ní olóògbé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé fún òun. Bíṣọ́ọ̀bù London ni ìyẹn lórí fóònù títí dòní, físà ni kò rí gbà. Ọmọ bíbí olóògbé, tí ogún tọ́ sí, wà ní Manchester nígbà náà. Ó ní Ọlọ́run kò tíì bá òun sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Ọlọ́run fi dákẹ́. Ìgbà tí àwọn àga kún padà ló tó rántí nọ́ńbà rẹ̀.

Ta ló wá kún àwọn àga náà? Mummy kan ni, ará Ìjẹ̀bú, tó ti nu ilẹ̀ ọsibítù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń gbé nítòsí Birchmere Park. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà nígbà tí olóògbé kú, kò sì sí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní gbogbo Sọ́ńdè, aago mẹ́jọ, á ṣílẹ̀kùn, á tan hítà, á to àga sí ìlà bíi pé ọgọ́rùn-ún èèyàn ń bọ̀. Kò lè wàásù. Sáàmù ló ń kà. Àwọn Sọ́ńdè kan wà tó jẹ́ pé èèyàn mẹ́rin la jẹ́, òun náà ló ṣìkẹrin. Bó bá délé, á máa pe àwọn tí kò wá lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi wá, kí wọ́n ṣáà lè sinmi ìpè rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Nínú ìjọ tiwa, Mummy ló da omi, Bíṣọ́ọ̀bù ló ń tẹ ilẹ̀.

Nígbà tí ayẹyẹ ìdásílẹ̀ ń bọ̀, Bíṣọ́ọ̀bù, ìyẹn ọmọ ti Manchester, pè mí. Ó ti gbọ́ pé mò ń bá òyìnbó kan kọ ìtàn. Ó fi mí ṣe akọ̀wé ìtàn, ó ní kí n kọ ti ìjọ wa, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní ìwé pẹlẹbẹ, gbogbo èèyàn á mú un lọ sílé. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí Mummy ti gbọ́. Ó dì mí lọ́wọ́ mú lórí àtẹ̀gùn.

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ award, mi ò fẹ́ plaque," ó ní. "Ṣáà kọ orúkọ mi síbẹ̀. Ìgbà tí ọmọ mi obìnrin bí ìbejì, ó ń bẹ̀ mí pé kí n máa wá ní Sunday, kó lè sùn díẹ̀. Mi ò lọ. Kò tíì fi orí jì mí. Ó máa ń bi mí pé, 'Mummy, what were you even doing there?' Mo fẹ́ kó rí i nínú ìwé."

Mo ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀." Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Mo kọ ọ́ bó ṣe rí, mo gbé e lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù. Ó kà á, ó gbé bírò pupa. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ní Sunday School, "o" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀.

"Auntie, o gbìyànjú, well done. Ṣùgbọ́n this part about Mummy, yọ ọ́. Nílùú wa, adelé kì í wọ ìtàn ọba. Regent is regent. Tí o bá kọ ọ́ síbẹ̀, people go dey ask say who ordain am. Just write pé God was in charge."

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló dé ìlú tó ń pè ní ìlú wọn, Kérésìmesì sì ni méjèèjì. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé òótọ́ ló sọ. Ilé afọbajẹ ni wọ́n ti bí mi. Nílùú tiwa náà, bí ọba bá wàjà, adelé á jókòó, á parí ìjà, á gba àlejò, á fi ojúmọ́ mọ́ ojúmọ́. Bí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́, ẹni tó ń ka orúkọ àwọn ọba á fo adelé kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mi orí. Mo délé, mo yọ ojú ewé méjì, mo fi gbólóhùn kan dípò rẹ̀: "Ní ọdún mẹ́ta yìí, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń darí ìjọ." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tilẹ̀ dùn létí mi.

Ìwé jáde. Ilé mi ni wọ́n kó páálí rẹ̀ sí, nítorí pé yàrá ẹrù ìjọ ń jò. Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún Mummy. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì nígbà náà, kò lè kàwé mọ́. Ó jókòó, ó tẹ́ etí sílẹ̀, ó ní, "Kà á fún mi."

Mo kà á. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹnu mi kọ̀ láti ka ohun tí mo kọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí kò sí níbẹ̀: orúkọ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́, àga, Sáàmù.

"Ṣé wọ́n kọ heater?" ó béèrè.

"Wọ́n kọ ọ́, Mummy."

Ó nu ojú. Ó ní kí n bá òun ká etí ojú ewé náà, kí ọmọ òun lè tètè rí i, ó ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ká a. Ojú ewé tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti ń darí ìjọ ni mo ká létí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lọ́dọ̀ Daddy, ìbọ̀sẹ̀ kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n kọ ọ́: bíṣọ́ọ̀bù kú, àga ṣófo fún ọdún mẹ́fà. Mi ò gbé bírò.

"Daddy, ta ló ń ṣílẹ̀kùn?"

Ó ní kò sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Mo ní ọdún mẹ́fà ni o. Wọ́n bímọ láàárín rẹ̀, wọ́n ṣèrìbọmi, wọ́n sìnkú. Ìlẹ̀kùn kì í ṣí ara rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí, mi ò béèrè rí." Ó wá ní kí n kọ ọ́ báyìí: Ẹnì kan ń ṣílẹ̀kùn. A ò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo kọ ọ́. Ojú tì mí débi pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ kejì sí ẹsẹ̀ tó ti ní ìbọ̀sẹ̀. Òun kò mọ orúkọ ẹni tirẹ̀, nítorí pé ẹni náà ti kú láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Èmi mọ orúkọ ẹni tèmi. Mo mọ nọ́ńbà ilé rẹ̀, mo mọ ọbẹ̀ tó fẹ́ràn, mo sì ti ká etí irọ́ sínú ìwé fún un.

Fúráídè ni ọjọ́ ìsinmi mi. Mo tú páálí náà lórí tábìlì ìdáná, mo sì fi bírò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé náà nínú gbogbo ẹ̀dà, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àti pé òun ló ṣílẹ̀kùn ìjọ yìí fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo fi máa dé ogójì, ọwọ́ ń dùn mí, inú sì ń bí mi, lẹ́tà mi wá ń tóbi sí i. Ti inú ẹ̀dà tí mo yà sọ́tọ̀ fún Bíṣọ́ọ̀bù ló tóbi jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sọ́ńdè nígbà tó ṣí tirẹ̀ níwájú ìjọ, ẹ lè fọkàn yà á. Mo gbọ́ pé wọn kò tíì rí akọ̀wé ìtàn míì. Bóyá Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Sátidé ló ṣáájú Sọ́ńdè, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló sì kù tí mi ò tíì kọ nǹkan sí. Mo tètè lọ sílé Mummy kí ọmọ rẹ̀ tó dé. Mo ní kó fún mi ní ìwé náà, àtúnṣe díẹ̀ wà tí mo fẹ́ ṣe.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti ń retí ẹ. Ọjọ́ tí ò ń kà á, ò ń ṣe 'ẹn, ẹn'. Ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n print kì í wá ọ̀rọ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Mummy, ẹ mọ̀, ẹ ò sì dá mi dúró?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ tán."

Ó fa ìwé náà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ṣí i níbi tí mo ká, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí bẹ́bà má baà ya. Ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi.

"Tẹ bírò yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa," ó ní. "Ojú mi ò lè kà á. Jẹ́ kí ọwọ́ mi kà á."

Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ó fi yọ sẹ́yìn ewé náà, níbi tí wọ́n tẹ fọ́tò Bíṣọ́ọ̀bù sí. Mummy fi ìka tọ orúkọ ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún tọ̀ ọ́. Aago ẹnu ọ̀nà dún. Ọmọ rẹ̀ ti dé. Mo dìde pé kí n lọ ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó, òun ló máa ṣí i.