Bàbá Olómi Tó Dá Ara Rẹ̀ Lẹ́jọ́

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Ọlánípẹ̀kun ní Ẹ̀júkù, ọ̀rọ̀ bàtà bàtúrè ni gbogbo ẹnu kọ́kọ́ ń bọ́ sí. Òun ni ẹgbẹ́ àwọn olómi fi ṣọ́ ìlẹ̀kùn pákó tó ń darí omi odò sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ lọ sí oko ìrẹsì wọn ní fàdámà, ilẹ̀ àbàtà etí odò. Ní 1954, bàtúrè kan, òyìnbó ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, wá wo kòtò náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já sínú omi, bàtà rẹ̀ gígùn méjèèjì sì kún dẹ́nu. Bó ti gòkè tó fẹ́ máa lọ, Ọlánípẹ̀kun dí i lọ́nà.

“Okun o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ da omi Bámgbóṣé padà.”

Ògbufọ̀ òyìnbó náà figbe ta. “Bàbá, ìjọba nìyí!”

“Ìjọba kú iṣẹ́. Ìpín omi Bámgbóṣé ló ń lọ sóko rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣé ìjọba bá wa gbẹ́ kòtò ni?”

Bàtúrè jókòó sórí koríko, ó bọ́ bàtà, ó da omi padà, tọ̀tún tòsì. Ọlánípẹ̀kun ní kó fún omi inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dà síbẹ̀ náà.

Agolo bisikíìtì ló fi ń wọn ìpín. Ó lu ihò sí ìdí rẹ̀, á gbé e lé omi inú abọ́ ńlá kan. Tí agolo bá kún tó rì, àkókò olóko kan tán. Ẹni tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdánù ìpín rẹ̀ tó kàn, oko tó wà ní ìparí kòtò ló máa gbà á. Lọ́jọ́ kan tí ìpín kan Bámgbóṣé, ó fi ẹ̀kọ dí ihò náà. Agolo léfòó títí di ọ̀sán, Ọlánípẹ̀kun sì jókòó tì í, ó ń bá a wí. “Ìwọ agolo yìí, òùngbẹ ò gbẹ ọ́ ni?” Nígbà tó gbé e sókè, adìyẹ kan sáré wá ṣá ẹ̀kọ jẹ nídìí rẹ̀, àṣírí bá tú.

Morónkẹ́ ló ni oko ìparí yẹn. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló ń bọ́, ìrẹsì náà nìkan ló sì gbójú lé. Lọ́dún kan òjò tètè dá, ewé ìrẹsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọlánípẹ̀kun.

“Bàbá, ẹ fún mi ní agolo kan péré. Ẹni tó da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù.”

“Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tirẹ̀ ló dà, kì í ṣe ti ẹgbẹ́.”

“Ẹ dà á nínú tiyín, ẹ jọ̀ọ́.”

“Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìpín tọrẹ. Èmi ni mo ṣe òfin náà.”

“Haba, Bàbá! Ìrẹsì mi ń kú lọ!”

“Mo rí i. Òfin ni ò rí i.”

Morónkẹ́ fi ìbínú lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ìpín kan Ọlánípẹ̀kun, ó sì sùn sábẹ́ igi. Agolo rì, omi ṣì ń ṣàn lọ sóko rẹ̀. Bámgbóṣé bá pariwo “Olè omi!” pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Ọlánípẹ̀kun dìde, ó pe ẹgbẹ́ jọ, ó sì jókòó sórí àga onídàájọ́, nítorí kò sí onídàájọ́ mìíràn.

“Ọlánípẹ̀kun, ṣé lóòótọ́ lo sùn?”

Ó dìde dúró. “Lóòótọ́ ni, olúwa mi.”

Ó jókòó. “Àgbà bíi tìẹ! Ojú ò tì ọ́?”

Ó dìde. “Ó tì mí díẹ̀.”

Àánú ṣe Bámgbóṣé fúnra rẹ̀. “Bàbá, ẹ dárí jì í.”

“Má dá sí i! Èmi àti ọkùnrin burúkú yìí ni.”

Ó gba ìpín ara rẹ̀, ó fún oko ìparí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló sùn báyìí lẹ́ẹ̀rùn yẹn. Ìdajì ìrẹsì tirẹ̀ gbẹ, ti Morónkẹ́ sì gbó dáadáa.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, Morónkẹ́ ń kọjá lẹ́bàá igi náà. Ó rí i tí Bàbá ń yọjú wo agolo lábẹ́ fìlà rẹ̀. Agolo rì. Bàbá pa ojú dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí han-an-run. Morónkẹ́ yọ́ ẹsẹ̀ kọjá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Ọlánípẹ̀kun kú, wọ́n rẹ́rìn-ín ìtàn rẹ̀ títí ilé fi mì. Bámgbóṣé nu ojú. “Ènìyàn gidi ni. Oorun nìkan ló bà á jẹ́.”

Morónkẹ́ náà ti ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Lójijì, omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá yẹn,” ló wí, “kò sùn rí.”