Ohùn Inú Áńbúláǹsì

Àbúrò ọkọ mi kì í jẹ́ ìpè láìrí ẹnu ẹni tó pè é. Akọ̀wé ni mò ń pè é, torí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ. Ìwé girama ló kà jáde tó fi ń bá áńbúláǹsì gbé aláìsàn ní Jos. Á máa pe orúkọ wọn lọ́nà, kí wọ́n má baà sùn lọ.

Lọ́sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gbà á, mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbi tó ti ń fọ ọkọ̀ náà. Ohùn kan pe orúkọ àbísọ rẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfìfo.

“Ìyàwó, ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Haba, Akọ̀wé! Mo tó bẹ́ẹ̀?”

Ohùn náà tún pè é. Akọ̀wé lanu láti dáhùn; mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu.

Ó di nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ohùn náà pe ẹni tó gba iṣẹ́ rẹ̀, onítọ̀hún dáhùn. Ọkọ̀ yẹn náà ló gbé e lọ sílé ní Dogon Dutse, lábẹ́ aṣọ funfun.