Àgbébọ̀ Ìyá Mi

Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, ajá aládùúgbò wa ní Bajulaiye fo fẹ́ǹsì wọlé, ó sì pa àgbébọ̀ ìyá mi. Obìnrin tó ni ajá náà sáré dé.

"Ẹ má bìínú, Àlàájà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ò kúkú ní jẹ ẹran tí wọn ò dú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e sọnù."

Ìyá mi tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òórùn ọbẹ̀ adìyẹ gba gbogbo ilé wa. Mo yọjú lókè fẹ́ǹsì. Ajá burúkú yẹn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wọn, ó ń rún eegun. Wọ́n ti fún un ní ìpín tirẹ̀.