Ilé Tí Bàbá Mi Fi Ṣọ́ọ̀kì Kọ́

Ohùn ṣọ́ọ̀kì lórí sìmẹ́ǹtì, bí wọ́n bá pò ó mọ́ ọgọ́rùn-ún ohùn mìíràn, màá yọ ọ́ láàárín wọn. Ó máa ń dún bí adìẹ tó ń fẹsẹ̀ wa ilẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo ń rẹ́ ilá lójú fèrèsé kíṣìnnì mi ní Padova níbí ní Italy, mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, ọ̀bẹ sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo yọjú, Mọrẹ́nikẹ́, ọmọ ọmọ mi, ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní cortile, àgbàlá ilé wa, tó ń ya ilé. Ilé tí ènìyàn lè wọ̀ ló ń yà o, tó ní pálọ̀, tó ní yàrá, tó gba gbogbo àárín cortile débi pé kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ àwọn aládùúgbò lè gbà kọjá mọ́.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ pè é pé kó wá jẹun. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìlà nígbà tó kígbe mọ́ mi: "Nonna, no! Dalla porta!" Ẹnu ọ̀nà ni kí n gbà wọlé. Orí mi wú. Ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an ló jáde lẹ́nu ọmọ yẹn, Mọrẹ́nikẹ́ kò sì mọ bàbá mi rí.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Torino àti Udine àti Milano, ẹ̀yin tí ẹ ń fi èdè Italy dá ìyá yín lóhùn, ẹ fara balẹ̀ kí n ro ti bàbá mi fún yín. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń ráhùn pé ìtàn àwa àgbà ti gùn jù. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti jókòó báyìí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, létí ọ̀sà. Ọkọ̀ ni ìran wọn ń gbẹ́. Bàbá mi wọ dọ́kíyáàdì àwọn Néfì l'Ékòó nígbà tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbá, èérún pákó ni wọ́n ń kó dànù, kí wọ́n tó máa gbé irinṣẹ́ fún ọ̀gá, kí àwọn náà tó wá di ọ̀gá àwọn káfíńtà ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ogun bá fara gbọgbẹ́ lójú agbami, àwọn ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Wọ́n á fi ìka kan ìhà ọkọ̀ náà kó, kó, kó, wọ́n á gbé etí sí i bíi dókítà, wọ́n á sì sọ ibi tó ń dùn ún.

Nígbà tí Néfì ní kí wọ́n bá wọn kan ọkọ̀ tuntun kan ní Italy, ní cantiere kan létí òkun tí kò jìnnà sí Udine, bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n rán wá láti máa wo bí wọ́n ṣe ń kàn án. Wọ́n kó ìyá mi àti Akin ẹ̀gbọ́n mi àti èmi dání. Mi ò tíì wọ ilé ìwé nígbà náà.

Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò l'Ékòó, ìyá mi ti gba ìlérí kan. Yàrá kan ṣoṣo la ń gbé ní Àpápá, nínú ilé tí gbogbo ayálégbé ti ń dáná pọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi á gbé ọbẹ̀ kaná, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹran á ti dín. Ohun tí wọ́n fẹ́ láyé kò pọ̀: ilé tiwọn, tó ní kíṣìnnì tiwọn, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. Bàbá mi ti ra ilẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá Akin, bí ọkọ̀ yìí bá ti bọ́ sómi, a ó lọ kọ́ ilé rẹ." Ìyá mi di ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wá sí Italy pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù.

Ọkọ̀ náà bọ́ sómi. Mo rántí àsíá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, mo rántí pé àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, ìyá mi sì ti di ẹrù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará cantiere ti rí bí ojú bàbá mi ṣe mú tó. Wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró bá àwọn ṣe ọkọ̀ kan sí i, ọkọ̀ kan péré. Ìyá mi tú ẹrù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé ní cantiere, kí ọkọ̀ kan tó bọ́ sómi, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Ibi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní sala a tracciare. A débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí cantiere ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kó ìdílé wọn wá. Bí mo bá di ojú báyìí, mo ṣì wà níbẹ̀. Gbọ̀ngàn ńlá ni, lókè pátápátá, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó tí wọ́n kùn ní dúdú, fèrèsé wà lójú òrùlé, ìmọ́lẹ̀ ń rọra dà wálẹ̀ bí ẹlùbọ́ tí wọ́n ń jọ̀. Orí ilẹ̀ dúdú yẹn ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì ya odindi ọkọ̀ ogun, bó ṣe máa gùn gan-an, bó ṣe máa fẹ̀ gan-an, kí wọ́n tó gé irin kankan. Gbogbo wa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń rìn níbẹ̀ kí ìlà má baà pa rẹ́, àwọn àgbà ọkùnrin onírùngbọ̀n sì ń yọ́ ẹsẹ̀ gbé bí ológbò. Bàbá mi sọ fún wa pé bí wọ́n bá kan ọkọ̀ kan tán, wọ́n á tún ilẹ̀ náà kùn, wọ́n á ya òmíràn lé e lórí, nítorí náà gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ti kàn rí ló sùn síbẹ̀ lórí ara wọn. Ó pẹ́ tí mo fi ń lá àlá pé mò ń wẹ̀ láàárín wọn.

Lọ́dún kan, nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, tí ìyá mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bàbá mi mú ṣọ́ọ̀kì wálé láti ibi iṣẹ́. Ìsàlẹ̀ ni ilé tí a háyà wà, cortile sì fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ká ṣòkòtò sókè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀, bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́. Wọ́n ní ìyá mi ti dúró pẹ́, ó kéré tán kó ti máa mọ ọ̀nà inú ilé rẹ̀.

Ẹ wò ó, ẹni tó bá ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kan ọkọ̀, ẹ má ní kó fa ìlà gbọọrọ fún yín. Ilé náà ní ikùn. Iwájú rẹ̀ rí ṣóńṣó, ògiri pálọ̀ rọra tẹ̀ bí ìhà ọkọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí lọ yí bọ̀ bí ejò. Bàbá mi á tẹ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á fa ìlà tẹ̀ lé e, wọ́n á wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á sì fi ìkejì wo ìlà náà títí. Ibi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí ni Signora, obìnrin tó ń gbé lókè wa, ti rí wọn láti ojú fèrèsé, tó pe ambulanza. Nígbà tí àwọn oníṣẹ́ ambulanza dé, bàbá mi dìde, wọ́n gbọn ara, wọ́n sì mú wọn wo pálọ̀.

Ìyá mi dúró, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. "Bàbá Akin, níbo ni n ó gbé kọ́bọ́ọ̀dù sí nínú ilé oníkùn yìí?" Ọ̀sán yẹn, àríyànjiyàn ni wọ́n fi jẹ. Bàbá mi ní ohun tó bá ní igun, omi á bá a jà. Ìyá mi ní ṣé ilé náà ń rìnrìn-àjò lọ síbì kan ni. Nígbẹ̀yìn, bàbá mi gbà pé kí ògiri kíṣìnnì gún. Òun nìkan ló gún nínú gbogbo ilé náà.

Láti ọjọ́ yẹn la ti ń gbé ibẹ̀. Ìyá mi á gbé àpótí lọ sí kíṣìnnì wọn, wọ́n á jókòó sídìí fèrèsé, wọ́n á máa ṣa ẹ̀wà, wọ́n á máa wo ọ̀sà. Ògiri gáréèjì ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n wọ́n ń wò ó débi pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí omi. Òfin ibẹ̀ ni pé kí o bọ́ bàtà, kí o sì gba ẹnu ọ̀nà. Bí Akin bá sáré la ògiri kọjá, bàbá mi á ní, "Ẹnu ọ̀nà! Ṣé iwin ni ẹ́ ni?" Akin á padà, á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á sì kí àwọn ará ilé. Signora náà kọ́ ọ bó ṣe yá. Bó bá ń lọ sá aṣọ rẹ̀, á dúró níwájú ìlà, á ní "Permesso?", ìyá mi á sì ní kó máa bọ̀ nínú ilé.

Òjò á pa ilé náà rẹ́, yìnyín á bo ibi tó wà, tí oòrùn bá sì padà, bàbá mi á tún un yà. Bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sómi ni ilé ń pọ̀ sí i. Èmi ní yàrá, Akin ní yàrá, yàrá àlejò dé. Nígbà tí orúnkún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, bàbá mi fi ẹsẹ̀ pa àtẹ̀gùn iwájú rẹ́. Akin lọ kàwé ní Torino, èmi kó lọ sí Udine. Kọ̀ǹpútà dé cantiere, wọ́n ti sala a tracciare pa, kò sí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ wo ìlà mọ́. Bàbá mi fẹ̀yìn tì. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé ọkọ̀ tó kẹ́yìn ti bọ́ sómi wàyí, bí ìgbà òtútù bá ti lè kọjá, ó di Ẹ̀pẹ́. Ìgbà òtútù náà ló mú bàbá mi lọ.

A gbé wọn lọ sílé, orí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ náà la sì sin wọ́n sí. Àwọn tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ń wá ibi tó rọ̀. Ìyá mi bọ́ bàtà, wọ́n ń rìn nínú koríko, wọ́n yí díẹ̀ níbì kan, wọ́n tún yí níbòmíràn, wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Ibí ni pálọ̀." Ibẹ̀ la gbẹ́ ibojì sí. Ẹkún tí mo sun níbẹ̀ ju èyí tí mo sun lọ́jọ́ tí bàbá mi kú.

Lẹ́yìn náà Akin, tó ti di ẹnjiníà, ní òun á kọ́ ilé náà fún ìyá wa. Ó gbé pláànù dé, ilé tó dára, gbogbo ògiri rẹ̀ gún. Ìyá mi wò ó, wọ́n ká a, wọ́n dá a padà fún un. "Ilé ta nìyí?" Ìyá mi tó ti ń bá ikùn ilé jà látọdún mọ́dún! Akin bínú, ó ní bí kì í bá ṣe ilé tó jọ ọkọ̀, ṣé wọn ò ní gbé e ni. Ọ̀rọ̀ náà sùn títí dòní, gbágùúdá sì ni ìbátan wa kan ń gbìn yí ibojì ká.

Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá mi wà báyìí. Wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n mọ̀ mí, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á kí mi bí àlejò, wọ́n á bi mí pé ṣé mo bá àwọn ará ilé mi ní àlàáfíà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi gún bí ọ̀pá, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í rìn ín ní gígùn. Wọ́n á ti yàrá jáde, wọ́n á rọra yí sápá òsì, wọ́n á yí padà sápá ọ̀tún, ọwọ́ wọn á máa tọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí. Fisioterapista tó ń wá wò wọ́n ní àìlèdúró-dáadáa ló fà á, pé ọjọ́ orí ni. Mo ní ẹ ṣé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un, pé ẹ̀gbẹ́ ògiri pálọ̀ ni ìyá mi ń gbà kọjá?

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, bí mo ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Mọrẹ́nikẹ́, mo gbọ́ sílípáàsì lẹ́yìn mi. Ìyá mi ti wọ ẹ̀rọ ascensore sọ̀kalẹ̀ láti òkè fúnra wọn. Wọ́n wo ilé ọmọ náà títí, ilé onígun mẹ́rin, wọ́n sì mi orí. Wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n rọra fà á wálẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìhà ọkọ̀. Mọrẹ́nikẹ́ kò gbọ́ Yorùbá dé ibì kan, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ti ọwọ́ yẹn. "Così?" ló bi wọ́n, pé ṣé báyìí ni, ó sì fa ìlà tó ní ikùn. Ìyá mi ní kó fẹ̀ ẹ́ sí i. Mo ń túmọ̀, ọmọ ń yà, títí pálọ̀ fi pé, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí, tí a fi dé kíṣìnnì. Kíṣìnnì nìkan ni wọ́n ní kó fà gbọọrọ. Nígbà tó parí, wọ́n bọ́ sílípáàsì, wọ́n yí lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé. Mo gbé àga wá, mo gbé abọ́ ilá àti ọ̀bẹ wá. Wọ́n jókòó sídìí fèrèsé wọn, wọ́n ń rẹ́ ilá, wọ́n kọjú sí ògiri ibi tí a ń gbé kẹ̀kẹ́ sí.

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn tó ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ wo ìlà ti tán. Òmíràn nínú ọkọ̀ tí bàbá mi yà ti di ìdọ̀tí irin. Tẹ́lẹ̀, àánú ìyá mi máa ń ṣe mí, pé wọ́n fi gbogbo ayé wọn retí ilé tí wọn ò rí kọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń wò wọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo wá àánú náà tì. Èmi tí mo ti kó láti Udine lọ sí Pordenone, tí mo ti Pordenone kó wá sí Padova, tí mo ní ìwé contratto ilé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, kò sí èyí tí mo lè di ojú rìn nínú wọn.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Mọrẹ́nikẹ́ sá lọ sábẹ́ balcone. Mo ké sí ìyá mi pé kí wọ́n dìde, òjò ń bọ̀. Wọn ò gbé orí sókè. Wọ́n ní, "Òjò wo? Ṣé inú ilé ni òjò ti ń pa ènìyàn ni?" Wọ́n sì mú ilá mìíràn.

Mo sáré gbé agboòrùn. Bí mo bá gbà á tààrà, ìṣísẹ̀ díẹ̀ ni màá fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ìlà náà sì ti ń ṣàn lọ pẹ̀lú omi. Ẹsẹ̀ mi ò gbà. Mo bọ́ bàtà sínú òjò, mo sáré yí ikùn ilé náà ká, mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo la pálọ̀ kọjá, mo yí níbi tó yẹ kí n yí. Mo ní, "Ẹ kúulé, Màmá."

Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. "Káàbọ̀, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ti ilẹ̀kùn."