Irin Tí Wọ́n Ní Ó Lè Gbiná

"Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kì í gbàgbé àwọn tirẹ̀, láyé àti lẹ́yìn ikú." Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Volkmar Ahnert, olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ irin nílùú wa, sọ nìyẹn lẹ́bàá pósí Dókítà Gerlinde Ziesche lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Ó kí òkú bí àwọn awakùsà ṣe ń kíra wọn, "Glück auf!", ó sì yọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ wò.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni Gerlinde fi wádìí ohun tó ń mú irin sán. Irin tó bá ti ṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Á gé díẹ̀ lára rẹ̀, á dán an bíi dígí, á kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i, á sì tọ́jú rẹ̀ sí kọ́bọ́ọ̀dù. Nílé kọfí tí òun àti èmi tíṣà jọ máa ń lọ pàápàá, kì í mu nǹkan kan láìkọ́kọ́ fi ṣíbí kan ife láti gbọ́ bó ṣe ń dún.

"Tíṣà, ẹ má mu tiyín o. Ife yẹn ti sán."

"Gerlinde, ẹ jẹ́ n gbádùn kéèkì mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Tó bá dà sí yín lára, ẹ má pè mí."

Ife là sí méjì. Ṣòkòtò funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kan irin afárá orí odò Mulde nílùú wa wò. Nígbà tí wọ́n ń kùn ún ní ọ̀dà, ó gé irin mẹ́ta níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ti sán nínú. Ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìlú lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní ìkẹfà, wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá.

Ẹ̀rí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Àmọ́ àìsàn dá Gerlinde dùbúlẹ̀ sí ọsibítù, ìwé kan sì dé lẹ́yìn rẹ̀: nítorí ewu iná, ohunkóhun kò gbọdọ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ sì mọ̀ wá. Tí ìwé bá ti ní òǹtẹ̀, ta ló ń bi í léèrè?

Kaden tó ń mójú tó ilé náà bi í, ó sì rò ó fún mi.

"Mo ní, 'Ọ̀gá, irin mà ni o! Irin kì í jó.' Wọ́n ní òfin ò yọ irin sílẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó pe obìnrin náà?"

"Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ dà á láàmú, ara rẹ̀ ò yá."

Àwọn aláàánú! Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń yọ́ irin àlòkù. Nígbà tí Kaden lọ kí Gerlinde ní ọsibítù, ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà bèèrè: "Ti afárá ńkọ́?" Kaden ò lè purọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni Gerlinde kú.

Ní báyìí, wọ́n fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, nínú férémù onígi. Bóyá igi ni kì í jó.

Ẹ gbé àwòrán yín sílé. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlú, ẹ ti afárá náà pa, kí ẹ tún gé irin rẹ̀ wò lójú gbogbo wa. Láàárọ̀ yìí, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé tún gba orí rẹ̀ kọjá.

Ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kó irin wọ̀nyẹn dànù?