Ìyá Ó-Tó àti Fìlà Aláyìípo

Iṣẹ́ tí obìnrin yìí ń ṣe kò lórúkọ, òun náà kò sì mọ bó ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún aládùúgbò. Kì í kọ̀wé, kì í gbálẹ̀. Àga kan ni wọ́n gbé fún un sí ìdí àtẹ̀gùn. Bí òjíṣẹ́ ọ́fíìsì bá ti jẹ́ iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó yẹ, yóò dìde, yóò ṣí fìlà orí òjíṣẹ́ náà, yóò ní, “Ó tó.” Ó parí nìyẹn. Ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí débi pé Ìyá Ó-Tó ni gbogbo ilé ń pè é.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn ló fà á. Ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ara kọjá ni ọ́fíìsì náà, Ọ̀gá sì fẹ́ràn èròjà kan bí ẹni fẹ́ràn àkọ́bí. GMP aláyìípo ni wọ́n ń pe èròjà ọ̀hún, nítorí bí òrùka ló ṣe rí. Ẹni tó kàn béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀gá yóò gbọ́ pé ìròyìn tó ti ìta wá kì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Pé aṣọ́nà tó gbà á níbẹ̀ ló ń dá GMP aláyìípo sílẹ̀ nínú ilé, kó lọ jíṣẹ́ pé kí iṣan dẹra, kí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ gbòòrò. Pé èròjà mìíràn ni yóò wá já òrùka náà, tí iṣẹ́ yóò fi dópin. Títí yóò fi parí rẹ̀, ohun tó gbé onítọ̀hún wá á ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá fi ìmọ̀ yìí kọ́ ọmọ ilé ìwé. Ọ̀gá fi tún ọ́fíìsì tò ni. Àlejò kò gbọdọ̀ wọlé. Aṣọ́nà ni yóò sọ fún, aṣọ́nà náà kò sì gbọdọ̀ wọlé. Yóò kàn na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, yóò dé fìlà pupa sí òjíṣẹ́ tó wà nínú lórí. Òjíṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní Aláyìípo. Yàrá dé yàrá ni yóò máa tún iṣẹ́ náà sọ, ohun tó bá sì sọ ni kí wọ́n ṣe. Bí fìlà bá ṣì wà lórí rẹ̀, kò gbọdọ̀ jókòó, kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ọwọ́ Ìyá Ó-Tó nìkan ló lè ṣí i.

Ìgbà tó yá ni wọ́n gba Igbákejì Ọ̀gá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní ẹnì kan ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan jókòó tó ń ba iṣẹ́ jẹ́, kí la wá ń fi onítọ̀hún ṣe? Ọ̀gá tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ló mì pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ìyá máa lọ sinmi nílé, kó má sì padà wá.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Nílé, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilẹ̀kùn kan tó kàn lọ́jọ́ náà, ó ń retí “Ó tó” tó máa ń gbọ́, kò gbọ́ ọ. Ó sọ ọ́ tán, ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣó àkọ́kọ́, títí ohùn ara rẹ̀ fi sú u.

“Ìyá wọn,” ó wí, “ṣé kò tíì tó ni?”

“Ta ni mo jẹ́, tí n ó fi sọ pé nǹkan tó?” Omi lé ròrò lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, awakọ̀ kan dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní àwọn ayẹ̀wéwò tó fẹ́ wá yẹ ìwé ọ́fíìsì wò kò wá mọ́, kí gbogbo èèyàn dẹra. Aṣọ́nà dé fìlà sí Aláyìípo lórí. Nígbà tó kọ́kọ́ yí ilé ká, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tú ọrùn ẹ̀wù. Ó tún dé, wọ́n bọ́ bàtà. Ó tún dé, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi. Nígbà tó fi di ọ̀sán, atẹ̀wé ti nà gbalaja sórí tábìlì, akọ̀wé àgbà sì ń ṣàn bọ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ẹni tí kò léegun. Igbákejì ti tú bẹ́líìtì, ó fẹ́ fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e. Aláyìípo ṣì ń lọ, ohùn rẹ̀ ti há, ó ń sunkún, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dẹra.

Abẹ́ tábìlì ni Ọ̀gá wà, òòyì ń kọ́ ọ, tó rọra béèrè pé ta ló lé ìyá yẹn lọ. Igbákejì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tọ́ka sí Ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Aṣọ́nà nìkan ni ara rẹ̀ ṣì le, nítorí pé ìta ló wà. Òun ló sáré dé ilé káfíńtà.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ilé ti tú.”

Ìyá béèrè ẹni tó rán an. Aṣọ́nà ní kò sẹ́ni tó lágbára àtiránni mọ́. Ìyá mú báàgì rẹ̀.

Ní ọ́fíìsì, ó gba orí Igbákejì tó nà sílẹ̀ kọjá, ó lọ dúró sí ìdí àtẹ̀gùn. Bí Aláyìípo ṣe yọ, ó ṣí fìlà. “Ó tó, ọmọ mi.” Aláyìípo jókòó sórí àga ìyá, ó sì mu omi bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Díẹ̀díẹ̀ ni eegun ń padà sára kálukú.

Ọ̀gá tún ẹ̀wù rẹ̀ dè. Ẹ rò pé yóò lọ bá ìyá? Òfin ni òfin. Ó jáde sí ìta gbangba, ó dúró bí àlejò níwájú aṣọ́nà, ó jíṣẹ́ fún un. Aṣọ́nà na ọwọ́ gba ojú fèrèsé. Aláyìípo dìde, ó lọ gba fìlà sórí, ó ń lọ láti yàrá dé yàrá: “Ọ̀gá ní òun jẹ̀bi. Ó ní ilé yìí ò lè dúró láìsí Ìyá Ó-Tó.”

Ó sọ ọ́ kárí, ó padà dé ìdí àtẹ̀gùn, ó tẹrí ba kí ìyá ṣí fìlà. Ìyá wo fìlà náà. Ó ti na ọwọ́ dé ìdajì kó tó fà á padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀.

“Mi ò gbọ́ ọ dáadáa,” ó wí. “Lọ yí ilé ká sí i.”